Èédú nílé òròmọdìyẹ lásìkò ọyẹ́: àwọn àṣìṣe tó ń pa wọ́n

Bí ọyẹ́ bá ti wọ Rẹ́mọ, àwa tí à ń tọ́ òròmọdìyẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn. Iná mànàmáná kò ṣeé gbára lé, èédú ni ọ̀pọ̀ wa fi ń mú ilé adìẹ móoru. Èédú kò burú, bí a ṣe ń lò ó ló ń kó wa sí wàhálà.

Èyí tó burú jù ni kí ẹ dí ilé pa. Mo ṣe é rí, ní Ìpẹru. Òtútù alẹ́ ọjọ́ yẹn le, ni mo bá fi ọ̀rá dí àlàfo abẹ́ páànù, mo fi àkísà há ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, mo gbé ìkòkò èédú méjì sáàárín. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn ní ìdájí, ilé móoru, n kò gbóòórùn èéfín rárá. Àwọn òròmọdìyẹ ti nà gbalaja, ẹnu wọn là sílẹ̀. Mo ka mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Òtútù kọ́ ló pa wọ́n. Èédú tó ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó máa ń tú gáàsì olóró kan tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́ọ̀sáìdì jáde. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, bó bá sì wọnú ẹ̀jẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rí afẹ́fẹ́ gbé kiri ara mọ́. Kí èédú pọ́n dẹ̀dẹ̀ kò ní kó má tú u jáde. Nítorí náà, ẹ fi tapólíìnì bo ìsàlẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lu àwọn ọmọ adìẹ, ṣùgbọ́n ẹ má bo òkè dé abẹ́ páànù. Ẹ jọ̀ọ́, bó ti wù kí òtútù mú tó.

Ẹ má sọ dúrọ́ọ̀mù tó ti gbé ọ̀dà tàbí kẹ́míkà rí di ààrò; ohun tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ á jó, á sì di májèlé. Ìkòkò amọ̀ tó. Igi tútù náà kò dáa, èéfín rẹ̀ ń ta ojú àti ẹ̀dọ̀fóró wọn.

Ẹ má gbé ìkòkò èédú lé orí èérún pákó tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ fún adìẹ, kó má baà gbiná. Ẹ da iyanrìn sílẹ̀, ẹ to búlọ́ọ̀kù lé e, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin yí i ká.

Àwọn kan ń fi tẹmómítà kọ́ ògiri níbi tí ojú tiwọn dé. Ibi tí ẹ̀yìn adìẹ dé ni kó wà: 32 sí 35°C lọ́sẹ̀ kìíní, kí ẹ wá máa dín in kù ní nǹkan bíi 3 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kódà láìsí i, àwọn òròmọdìyẹ á sọ fún yín. Bí wọ́n bá ń gun ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà, tí wọ́n na ìyẹ́ tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tàn ká, tí wọ́n ń jẹ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ọmọ tó ń ṣọ́ adìẹ kò gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹní sínú ilé yẹn, ì báà jẹ́ fún wákàtí kan. Bó bá ní orí ń fọ́ òun tàbí òòyì ń kọ́ òun, ẹ gbé e jáde síta kíákíá, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.