Ẹ Má Bá Òkun Du Ọ̀nà: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Tí Ẹ Bá Háyà Mọ́tò Lọ Wo Ojú Ogun àti Ilé Olódi ní Northumberland

Bí àlejò bá ti Nàìjíríà dé ọ̀dọ̀ wa ní Newcastle, apá àríwá ni mo máa ń mú wọn lọ, sí etíkun Northumberland. Ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Scotland ti bá ara wọn jà fún ọdún tó lé ní 200, ilé olódi wọn sì ṣì wà lórí àpáta létí òkun. Mọ́tò háyà la máa ń gbà, nítorí pé bọ́ọ̀sì kì í dé púpọ̀ nínú ibẹ̀. Mo fẹ́ràn ìrìn àjò yìí gan-an, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí i tí ó bàjẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ kò pọ̀: àwọn ènìyàn gbà pé bí dírẹ́bà bá ti wà, kò sí ohun tó kù tí àwọn fúnra wọn máa rò.

Èyí tó burú jù ni kí a to ọjọ́ náà láìkọ́kọ́ wo àkókò òkun. Holy Island, erékùṣù tí wọ́n tún ń pè ní Lindisfarne, ọ̀nà ọ̀dà kan ṣoṣo ló lọ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni òkun ń kún bo ọ̀nà yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń fà padà. Ìjọba ìbílẹ̀ Northumberland máa ń gbé àkókò tó ṣeé kọjá jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó létí ọ̀nà. Ojoojúmọ́ ló ń yí, nítorí náà èyí tí ọ̀rẹ́ yín lò lọ́sẹ̀ tó kọjá kò wúlò fún yín lónìí.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo mú màmá mi àti àǹtí mi kan lọ, Bamburgh, ilé olódi kan létí òkun, la ti bẹ̀rẹ̀. A jẹun, a ya fọ́tò, ọkàn wa balẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé etí omi, àkókò ti fi ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ọ̀nà náà ṣì hàn kedere. Omi orí rẹ̀ kò tíì bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, ewé òkun dúdú kan sì ń rá bàbà lórí ìlà funfun tó wà láàárín títì. Dírẹ́bà ní kí a jẹ́ kí òun yára gbà á kọjá. Màmá mi ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, a kì í bá omi du ọ̀nà." A dúró. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ìlà funfun náà fi wọmi, lẹ́yìn náà a ò mọ ibi tí títì wà mọ́.

Lójú ọ̀nà yẹn, wọ́n kọ́ yàrá kékeré kan tí wọ́n kùn ní funfun sórí òpó gíga, kí ẹni tí òkun bá ká mọ́ lè gun àtẹ̀gùn sá wọ inú rẹ̀. Ọdún kan kì í kọjá kí wọ́n má yọ ènìyàn nínú omi níbẹ̀. Ẹ̀mí máa ń là, ṣùgbọ́n mọ́tò tí omi iyọ̀ bá ti wọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Nítorí náà, àkókò òkun ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí ẹ tó mú ọjọ́, kí ẹ tó pe onímọ́tò rárá. Bí ọ̀nà bá ṣí láàárọ̀, erékùṣù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá di ọ̀sán kó tó ṣí, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Bamburgh. Bí àkókò náà kò bá bá ìrìn àjò yín mu, ẹ yọ erékùṣù kúrò lọ́jọ́ yẹn, ẹ má bínú. Kí ẹ sì ti máa kúrò níbẹ̀ nígbà tí ó bá ku ìdajì wákàtí kí ọ̀nà tó tì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá sì dé erékùṣù, ẹ má ṣe sáré kọjá ilé ìsìn àtijọ́ tó ti wó níbẹ̀ nítorí ilé olódi tó wà lórí àpáta. Ilé olódi yẹn dára lójú, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 1550 ni wọ́n kọ́ ọ, òkúta ilé ìsìn yìí náà ni wọ́n sì kó lọ fi kọ́ ọ. Níbi ilé ìsìn ni ọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ ni Aidan, ajíhìnrere kan, ti kọ́kọ́ dá ilé ìsìn sílẹ̀ ní 635. Ní 793 àwọn Viking, ajalèlókun láti àríwá Yúróòpù, ti orí òkun ya wọ̀ ọ́, wọ́n pa àwọn ẹni Ọlọ́run, wọ́n kó ẹrù lọ. Bí àyè bá gba ẹyọ kan péré, èmi yóò mú ilé ìsìn.

Ó kan ọ̀rọ̀ dírẹ́bà fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọ mọ́tò wà lè má mọ ìtàn kankan. Ẹ bi í kí ẹ tó sanwó: ṣé wíwà nìkan ni, àbí yóò sọ̀kalẹ̀ bá yín rìn, kó ṣàlàyé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì fún ọmọ ìjọ yín tó ní mọ́tò ní owó iṣẹ́ láti gbé yín. Kí ẹ jọ dá owó epo láìsí èrè kò burú, ṣùgbọ́n bó bá ti gba owó iṣẹ́, ìbánigbófò mọ́tò àdáni lásán kò ní dáhùn bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ìjọba ìbílẹ̀ fún ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ wá. Àmì rẹ̀ máa ń wà lára mọ́tò.

Ní ti ojú ogun, ohun tí mò ń gbọ́ jù ni pé, "Kò sí nǹkan níbẹ̀, oko lásán ni." Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹ wo Flodden, lẹ́bàá abúlé Branxton. Àgbélébùú òkúta kan wà lórí òkè kékeré níbẹ̀. Ní 1910 ni wọ́n gbé e dúró, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ti àwọn akíkanjú orílẹ̀-èdè méjèèjì ni. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọjú sí gúúsù. Òkè tí ẹ rí ní ọ̀ọ́kán yẹn ni àwọn ọmọ ogun James IV, ọba Scotland, ti sọ̀ kalẹ̀ ní 9 September 1513 pẹ̀lú ọ̀kọ̀ gígùn gbọọrọ. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀, láàárín òkè méjèèjì. Ẹrọ̀fọ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn rì, ìlà wọn tú, ọ̀kọ̀ gígùn kò sì wúlò mọ́ nígbà tí ọ̀tá ti súnmọ́ ara. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀pá kúkúrú tó ní ojú bí àáké lọ́wọ́, wọ́n fi gé ọ̀kọ̀ náà, wọ́n sì kọjú sí àwọn tó mú un dání. Ọba pàápàá kú sí ojú ogun yẹn, kò sì sí ọba mìíràn ní Bìrìtéènì tó tún kú sójú ogun láti ìgbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ dúró síbẹ̀, ẹ ó rí gbogbo rẹ̀ láìsí àwòrán kankan. Ní abúlé, inú àpótí tẹlifóònù pupa àtijọ́ ni wọ́n kó àlàyé ogun náà sí. Ẹ yà wò ó.

Ẹrọ̀fọ̀ yẹn kò tíì gbẹ. Wọ́n ní àwọn ará Scotland bọ́ bàtà kí ẹsẹ̀ wọn má baà yọ̀. Àǹtí mi wọ bàtà gogoro wá, àárín oko ni gìgísẹ̀ kan ti há sínú ilẹ̀, ó sì kán. Rénbúùtù tàbí bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ mìíràn sínú mọ́tò.

Dunstanburgh, ilé olódi mìíràn tó ti wó, náà ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín oníbàárà àti dírẹ́bà níṣojú mi. Mọ́tò kì í dé ibẹ̀, iye tó wù kí ẹ san. Abúlé Craster ni wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ rìn ju máìlì kan lọ létí òkun, lórí koríko àti àárín àgùntàn, kí ẹ tó tún rìn ín padà. Bí orúnkún bá ń dun àgbàlagbà tó wà pẹ̀lú yín, ẹ jẹ́ kó jókòó ní Craster kó máa wo òkun.

Ẹ má kó ibi márùn-ún sínú ọjọ́ kan. Mẹ́ta tó. Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ méjì ló ń tọ́jú irú ibi wọ̀nyí, English Heritage àti National Trust; káàdì ti àkọ́kọ́ kò ṣí ilẹ̀kùn gbogbo ti èkejì, Bamburgh kò sì sí lábẹ́ ìkankan nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ fi gèlè sílé. Ẹ̀fúùfù etíkun yẹn kò mọ gèlè, kò mọ agbòòrùn.

Ní ọjọ́ kẹta, a tún mú màmá mi padà lọ. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la dé etí omi. Ọ̀nà ti gbẹ, ewé òkun sì lẹ̀ mọ́ ìlà funfun àárín títì. Màmá mi ní kí dírẹ́bà rọra wakọ̀, kí àwọn lè wo ọ̀tún, kí wọ́n wo òsì.