Kí a tó na ọwọ́ sí ọkọ̀ ojú irin ní Ìjẹ̀bú-Òde: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ètò ọkọ̀ èrò

Ẹnu gáréèjì ni ìlú tó ń gbòòrò ti máa ń kọ́kọ́ fi ara hàn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, mààrúwá á ti máa fi imú kan ìdí ara wọn ní Fólágbadé. Ní Ṣàgámù, èrò ọjà, ọmọ iléèwé àti ọkọ̀ àjàgbé ló jọ ń du ojú títì kan náà. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, tí Red Line sì tẹ̀lé e ní 2024, ọ̀rọ̀ tó ń yá ẹnu ni pé kí àwa náà ní ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní light rail. Àbá náà kò burú. Ohun tó ń ba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé wọ́n á ti yan ọkọ̀ tán kí wọ́n tó mọ ìrìn tí ará ìlú ń rìn.

Kíka ọkọ̀ láì ka orí

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò gba ẹ̀rọ kankan. Ẹni méjì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, bírò, ìwé tí a ti fa ilà sí, àti aago. Ẹ fi wọ́n sí gbogbo ẹnu ọ̀nà tó wọ àárín ìlú: ọ̀nà Ìbàdàn, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè, àti ibi tí ìlú ti já sí títì márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di mẹ́jọ alẹ́, kí wọ́n máa pa ìṣirò dé ní ìṣẹ́jú 15-15. Ẹnì kan á ka ọkọ̀, ẹnì kejì á ka orí tó wà nínú rẹ̀. Iye orí yẹn ni ọ̀pọ̀ ìwé ètò kì í ní, bẹ́ẹ̀ òun gan-an la fẹ́.

Ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Bí mààrúwá 400 bá kọjá sí apá kan láàárín wákàtí kan, tí èèyàn 3 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1,200 nìyẹn. Dánfó 30 tó kó èèyàn 12-12 jẹ́ 360. Ọ̀kadà 240, èrò kan lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,800. Bọ́ọ̀sì ńlá tó ń gbé 60 máa kó wọn tán bí 30 bá ń kọjá ní wákàtí kan, ìyẹn ọ̀kan ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé 400 lẹ́ẹ̀kan kò ní ju márùn-ún lọ ní wákàtí náà: ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 12. Ta ni yóò dúró nínú oòrùn fún ìṣẹ́jú 12 nígbà tí ẹni tó ń wa mààrúwá ń pariwo "ẹnì kan ló kù" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Bí wọ́n bá sì ní kí ọkọ̀ ojú irin máa kọjá ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, àga òfìfo ni yóò máa gbé kiri. Kí kíka yín tó fi bí 4,000 tàbí 5,000 hàn sí apá kan ní wákàtí kan, lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, bọ́ọ̀sì ni kí ẹ ṣì dì mú.

Ọjọ́ tí wọ́n fi ń kà tún máa ń ṣì wọ́n lọ́nà. Ẹni tó wá láti ìta á ka Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, nítorí ìwé tó kọ́ ọ níṣẹ́ sọ pé ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló dúró déédéé. Ọjà ọlọ́rọọrún kò mọ ìyẹn. Bó bá bọ́ sí Ajé lọ́sẹ̀ yìí, Ẹtì ló tún kàn, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun. Ẹ ka ọjọ́ ọjà méjì àti ọjọ́ méjì tí kì í ṣe ti ọjà, ẹ má da wọ́n pọ̀. Ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, kò sí nínú ìwọ̀nyí rárá: ètò tirẹ̀ dá dúró.

Ríra bọ́ọ̀sì kún bọ́ọ̀sì nígbà tí títì ló ní àrùn

Àṣìṣe yìí ló ń jẹ owó jù, bẹ́ẹ̀ ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ mú iye ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ kan fi lọ tó fi bọ̀, ẹ fi ìsinmi ìpẹ̀kun méjèèjì kún un, kí ẹ wá fi ìṣẹ́jú tó wà láàárín ọkọ̀ kan sí èkejì pín in. Iye ọkọ̀ tí ẹ nílò nìyẹn.

Ká ní ojú ọ̀nà yín jẹ́ kìlómítà 9, tí bọ́ọ̀sì ń sáré kìlómítà 18 ní wákàtí kan. Àlọ á gba ìṣẹ́jú 30, àbọ̀ 30, ìsinmi 6 ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan: 72. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ máa dé ní ìṣẹ́jú 6-6, ọkọ̀ 12 ni, ẹ fi 2 kún un fún èyí tó bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó di 14. Ṣùgbọ́n bí gosiló bá fa eré yẹn wá sí kìlómítà 12, àlọ di ìṣẹ́jú 45, àbọ̀ 45, àpapọ̀ 102. Ọkọ̀ 17 ni ẹ nílò báyìí, kí a má tíì ka ti ìfipamọ́. Bọ́ọ̀sì márùn-ún lẹ ti rà kún un, pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà mẹ́wàá bó bá jẹ́ pé ẹni méjì ló ń gba ọkọ̀ kan wà lọ́wọ́ ara wọn lóòjọ́, kí wọ́n lè jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kò sí èrò kan ṣoṣo tó jàǹfààní rẹ̀.

Títì ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ìlà bọ́ọ̀sì tó fẹ̀ tó mítà 3.5 tó o, kò sì pọn dandan kó gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. 300 mítà ṣáájú oríta tó ń dí lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin padà. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Nígbà tí BRT, ètò bọ́ọ̀sì tó ní ìlà tirẹ̀ lójú títì, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kẹta ọdún 2008, láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22, kóńkéré ni wọ́n fi pààlà ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà náà. Ọ̀dà lásán kì í dá dánfó dúró.

Bọ́sìtọ́ọ̀pù ní ẹnu ilé gbogbo ènìyàn

Olóṣèlú kọ̀ọ̀kan á fẹ́ kó dúró lẹ́nu àdúgbò tòun. Bí ibi ìdúró bá wà ní 200 mítà síra, kìlómítà 9 á ní 45. Bó bá jẹ́ 450 mítà, 20 ni. Títẹ bíréèkì, ṣíṣí ilẹ̀kùn àti gbígbéra ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 ní ibì kọ̀ọ̀kan. 25 tó lé yẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 12 ààbọ̀ lálọ nìkan. Èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rin ìṣẹ́jú márùn-ún dé bọ́sìtọ́ọ̀pù bí wọ́n bá bo gọ́tà lójú ọ̀nà náà, tí ìbòòji sì wà níbi tó ti máa dúró.

Ẹ tún wo ẹni tó ń wọ ọkọ̀. Ìyá kan ti ra ààbọ̀ àpò gàrí lọ́jà, ó gbé e lérí, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì tí wọ́n rà ga dé orókún rẹ̀. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn, irin tó ń yí fi àyè ẹni kan péré sílẹ̀. Àpò kò lè gba ibẹ̀ kọjá, àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń pariwo. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó pe mààrúwá. Kò ní padà wá gbìyànjú rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ tó lọ sọ́jà gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn méjì tó fẹ̀, ilẹ̀ tó súnmọ́ títì, àti àyè tí kò ní àga fún ẹrù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n san owó kí wọ́n tó wọlé tàbí kí kọ́ndọ́ gbà á nínú ọkọ̀. Ẹ yọ irin yẹn kúrò.

Fífi ọ̀nà irin sílẹ̀ di ọjọ́ tí owó bá dé

Ibi kan wà tí ẹni tó fẹ́ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ iwájú ti gbọ́dọ̀ yára: ilẹ̀. Ìlà irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gba bíi mítà 8. Ní ibùdókọ̀, ẹ sọ ọ́ di 15. Ó ṣòro fún ọkọ̀ ojú irin láti gun òkè tó lé mítà 6 nínú 100, kò sì lè yí kọ́nà bíi mààrúwá. Ẹ fa ìlà rẹ̀ sórí máàpù nígbà tí ẹ̀gẹ́ ṣì wà lórí ilẹ̀ náà, kí ìjọba kéde rẹ̀, kí wọ́n sì ri òpó ààlà mọ́lẹ̀. Bí ilé alájà méjì bá ti hù síbẹ̀, owó gbà-má-bínú á ju ti irin lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń fà á, ẹ mọ ibi tí Eredo Sùngbọ́ gbà. Yàrà àti ògiri ilẹ̀ yẹn yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bí kìlómítà 160, ibì kan wà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó 20 mítà. Katapílà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní ká kàn so tiwa mọ́ ti Èkó sí Ìbàdàn. Ọ̀nà irin yẹn, kìlómítà 157, Abẹ́òkúta ló gbà. Kò ya Ṣàgámù, kò ya Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ìsopọ̀ bá wà lọ́kàn yín, kí ìwọ̀n àárín irin yín jẹ́ mílímítà 1,435 bíi tirẹ̀.

Lílé mààrúwá kúrò kí bọ́ọ̀sì tó dé

Bọ́ọ̀sì kò lè wọ àdúgbò bíi Mólípa ilé dé ilé. Mààrúwá ló máa kó èrò wá bá a, nítorí náà ẹ ya ààyè sọ́tọ̀ fún un ní bọ́sìtọ́ọ̀pù ńlá, ní ẹ̀gbẹ́ tí èrò kò ti ní sọdá títì. Ẹ pe ẹgbẹ́ awakọ̀ sí ìpàdé kí ẹ tó ra ọkọ̀. Ní Èkó ní 2008, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ awakọ̀ wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń wa BRT sílẹ̀. Owó ọkọ̀ náà nílò ìṣirò: bí mààrúwá, bọ́ọ̀sì àti mààrúwá kejì bá ju owó mààrúwá kan tààrà lọ, ẹsẹ̀ á kọ̀.

Gbígbàgbé ibi tí ọkọ̀ máa sùn

Bọ́ọ̀sì 14 nílò nǹkan bí 2,000 mítà onígun mẹ́rin láti dúró àti láti yí padà, ìyẹn pọ́lọ̀tì mẹ́ta onífíìtì 60 sí 120, láì tíì ka ibi ìtúnṣe, ibi ìfọ̀ àti táńkì dísù. Bí ẹ bá gbé e sí kìlómítà 10 sí ojú ọ̀nà nítorí ilẹ̀ pọ́ọ́kú, 280 kìlómítà ni ọkọ̀ yín á máa rìn lóòjọ́ láì gbé ẹnikẹ́ni.

Ti ọkọ̀ ojú irin le jù bẹ́ẹ̀. Èyí tí Addis Ababa ṣí ní 2015 kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí púpọ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ fi wà nílẹ̀, nítorí pé kò sí pààtì láti fi tún wọn ṣe, owó tíkẹ́ẹ̀tì kò sì tó láti rà á. Ti Àbújá bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ó dúró ní 2020. Kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 2024, olè ti tú wáyà àti irin rẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí pààtì ọdún méjì, ó kéré tán, wà nínú iye tí a san. Kí ìwé àtúnṣe wà lọ́wọ́ wa. Kí ó hàn kedere pé a lè ra pààtì lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí owó ẹ̀ṣọ́ ojú irin sì wà nínú ìṣúná ọdọọdún, yálà ọkọ̀ ń rìn tàbí kò rìn.