Bí A Ṣe Ṣọ́ Ọkàn Mi Nígbà Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ọyàn

Kí wọ́n tó fa oògùn kẹ́mò àkọ́kọ́ sí mi lára, dókítà mi ní Òṣogbo ṣàlàyé fún mi pé doxorubicin, oògùn pupa tí a fẹ́ fi bá jẹjẹrẹ náà jà, lè máa ba iṣan ọkàn jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé aláìsàn mọ̀ ọ́n lára. A kọ́kọ́ ṣe ẹ́kò, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kò hàn kedere, ni ó bá kọ̀wé fún mi pé kí n lọ ṣe MRI ọkàn, ìyẹn àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ olóòfà fi ń ya àwòrán inú ọkàn.

Ìbàdàn ni a ti ṣe é. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí èmi àti àbúrò mi obìnrin fi gba ọ̀nà Ìwó. Mo ti ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín ṣáájú, nítorí pé kíndìnrín ni yóò tọ gadolinium, oògùn tí wọ́n ń fún ènìyàn kí àwòrán lè hàn dáadáa, jáde. Mo yọ yẹtí àti gbogbo irin ara mi, nítorí agbára òòfà ni ẹ̀rọ náà ń lò.

Ibi èémí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà á ní, “Màmá, ẹ mí sínú, ẹ mí síta, ẹ má mí mọ́,” èmi á sì dá a dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo máa ń tètè mí, àwòrán á dàrú, a ó sì tún un ṣe. Nítorí náà, kí a tó padà lọ lẹ́yìn oògùn kẹrin, alaalẹ́ ni mo ń fi dídá èémí dúró kọ́ra, tí àbúrò mi ń ka iye fún mi.

Àwo CD àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo sì gbé e dání, nítorí láìsí àwòrán ìṣáájú, kò sí ohun tí wọn yóò fi èkejì wé. Ìdá 62 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ìyàrá ìsàlẹ̀ apá òsì ni ọkàn mi ń tú jáde níjọ́sí. Ó ti di 58 báyìí. Àyà mi já, ṣùgbọ́n dókítà ní kò sí ọkàn tó ń tú gbogbo rẹ̀ jáde, àti pé bí ó bá fi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ tí ó sì wá sí ìsàlẹ̀ 50 ni òun yóò tún oògùn náà rò. Iṣan ọkàn náà kò wú. Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, mo gba oògùn karùn-ún.