Bí Mo Ṣe Sọ Ológbò Ìsọ̀ Di Ológbò Ilé

Inú ìsọ̀ ẹ̀wà mi ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn, ni wọ́n bí Dúdúyẹmí sí. Eku ló ń pa jẹ, orí àpò ẹ̀wà ló ń sùn. Nígbà tí mo fi ìsọ̀ yẹn sílẹ̀, tí mo fẹ́ mú un wá sílé ní Àkóbọ̀, àyà mi ń já, torí ìyá rẹ̀ ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ ṣáájú. Àpò ni mo di ìyá náà sí. Mo tú u sílẹ̀ láàárín pálọ̀, wíńdò sì wà ní ṣíṣí nítorí ooru. Kí n tó bu omi dé, ó ti bẹ́ jáde. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń pè é kiri. Mi ò rí i títí dòní.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé ológbò á kọ́kọ́ mọ ilé kó tó mọ onílé, imú ló sì fi ń mọ̀ ọ́n. Ibi tí òórùn ara rẹ̀ kò bá sí, àlejò ló ka ara rẹ̀ sí níbẹ̀.

Torí náà, yàrá kan ṣoṣo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tèmi, yàrá tí à ń kó ẹrù sí ni. Mo da páálí ńlá kan dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ògiri, mo tẹ́ àpò ẹ̀wà tó máa ń sùn lé sínú rẹ̀. Ẹ má fọ irú àpò bẹ́ẹ̀ o, bó ti wù kó dọ̀tí tó! Ìdọ̀tí yẹn gan-an ló ń sọ fún un pé ilé rẹ̀ nìyí. Mo bu iyanrìn sínú báàfù oníke fún ìgbẹ́ rẹ̀, mo sì po ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan láti ẹ̀yìn ìsọ̀ mọ́ ọn. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní ló ti mọ ibẹ̀. Ẹ gbé báàfù jìnnà sí abọ́ oúnjẹ, ẹ máa kó o lójoojúmọ́. Bí ológbò bá jẹ́ méjì, báàfù mẹ́ta ni kí ẹ ní.

Tó bá sá pamọ́, ẹ má fà á jáde. Ẹ̀yìn àpótí ni Dúdúyẹmí wà, ọjọ́ kejì ló tó fẹnu kan ẹja. Alaalẹ́ ni mò ń jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, tí mo kẹ̀yìn sí i, tí mò ń ṣa ẹ̀wà. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, ó yọ jáde, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ó gbóòórùn etí àtẹ tí mò ń ṣa ẹ̀wà sí, ó wá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra á lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ológbò fi ń fi òórùn ara rẹ̀ sàmì sí nǹkan; tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti ń gba ilé nìyẹn, ẹ lè ṣílẹ̀kùn yàrá kejì. Àmọ́ tí ọjọ́ méjì bá kọjá tí kò jẹ nǹkan kan, ẹ pe dókítà ẹran, torí ebi ọjọ́ púpọ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀ ológbò jẹ́.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò lè dá a dúró, èékánná rẹ̀ á fà á ya. Onírin ni kí ẹ fi sí wíńdò. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún ohun tó wà nílẹ̀: hóró paracetamol kan lè pa á, àlùbọ́sà kò dáa fún un, apakòkòrò bí Izal tí a fi ń nu ilẹ̀ jẹ́ májèlé sí i, torí ó ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ológbò tó ti ń ṣọdẹ kò lè jókòó lásán. Mo so àkísà mọ́ okùn, mo ń wọ́ ọ nílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kó mú un lóòótọ́ lẹ́yìn eré, kí ẹ wá gbé oúnjẹ fún un, á sùn lóru.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó jáde, ó kéré tán. Kí ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tí wọ́n ń gbà láti bí ọmọ oṣù mẹ́ta; kí ẹ sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá tó bá jẹ́ akọ, torí akọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá á máa wá abo kiri. Àwọn kan gbà pé àjẹ́ ni ológbò dúdú, wọ́n sì lè sọ òkò lù ú. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò bá wọn jà. Mo gbé e mọ́yà, mo lọ kí àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ̀ pé ó lólúwa. Mo sì bẹ Màmá tó wà lódìkejì kí wọ́n má fi májèlé eku síta mọ́. Eku tó bá jẹ ẹ́ lè pa ológbò tó bá jẹ eku náà.

Ebi ni kí ẹ fi mú un jáde: ìrọ̀lẹ́, kí ó tó jẹun, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣíbí lu abọ́ rẹ̀, bí ẹ ti ń lù ú nígbà gbogbo tí ẹ bá fẹ́ bọ́ ọ.

Bó bá pẹ́ kó tó wọlé, ẹ gbé àpò tó ń sùn lé sẹ́nu ọ̀nà. Tí àdúgbò bá dákẹ́ lóru, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo abẹ́ mọ́tò, inú gọ́tà gbígbẹ àti ẹ̀yìn táńkì omi tó wà nítòsí. Ológbò tí ẹ̀rù bà sábà máa ń lúgọ sí tòsí ni. Nígbà tí mò ń wá ìyá Dúdúyẹmí, títì ńlá ni mò ń rìn, lọ́sàn-án gangan. Mi ò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò aládùúgbò mi lẹ́ẹ̀kan.