Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Ìrìnàjò Afẹ́ Jẹ́ ní Florence

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, èmi àti àbúrò mi obìnrin dúró síwájú ilé ọnà Galleria dell'Accademia ní Florence, ìlú tí àwọn ọmọ Ítálì ń pè ní Firenze. Ilẹ̀kùn wà ní títì pa. Torí ère David, Dáfídì inú Bíbélì, tí Michelangelo gbẹ́ ni àbúrò mi ṣe bá mi wá, ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an la sì máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Rome. Accademia kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé, Uffizi, ilé ọnà ńlá kejì, náà kì í ṣí. Bí àbúrò mi ṣe padà sí London láì fojú kan David nìyẹn. Ó tó ọdún méjì kí n tó tún mú un lọ, ọjọ́ mẹ́rin gbáko la sì lò. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìrìnàjò méjèèjì ni mo fẹ́ sọ, kí ti ẹlòmíì má baà rí bí àkọ́kọ́ wa.

Àṣìṣe tó bí gbogbo yòókù ni kí èèyàn ní ọjọ́ kan tó fún Florence. Mo mọ ohun tó ń mú wọn rò bẹ́ẹ̀. Àárín ìlú náà kéré: láti ibùdókọ̀ ojú irin Santa Maria Novella dé kàtídírà ńlá tí wọ́n ń pè ní Duomo, ẹsẹ̀ ni, kò sì ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti Rome wá láàárọ̀, wọ́n á padà lálẹ́, wọ́n á ya fọ́tò ogójì, wọn ò sì ní wo nǹkan kan dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan péré lẹ ní lóòótọ́, ẹ mú ilé ọnà kan láàárọ̀ àti ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ́sàn-án, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Yóò dùn yín pé ẹ ò rí ìyókù, ṣùgbọ́n ẹ máa rántí èyí tí ẹ rí.

Uffizi ni wọ́n ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé jù. Ọdún 1560 ni Giorgio Vasari bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé yẹn fún Cosimo de' Medici, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀ lè rí ibi jókòó ṣiṣẹ́; ọ́fíìsì gan-an ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Ilé ọ̀hún gùn, yàrá rẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ wo gbogbo àwòrán ibẹ̀ tán, orúnkún á ti máa ro ó kó tó dé ọ̀dọ̀ Medusa tí Caravaggio yà. Ẹ yan mẹ́wàá sílẹ̀ láti ilé. Bí ẹ bá dé iwájú àwòrán Venus tí Botticelli yà, níbi tó ti dúró lórí ìkarawun létí òkun, ẹ ní sùúrù títí àwọn tó ń ya fọ́tò á fi kúrò, kẹ́ ẹ wá sún mọ́ ọn. Ẹ wo irun rẹ̀. Wúrà wà nínú irun yẹn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí fọ́tò kankan kì í gbé jáde.

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú, lórí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ilé ọnà náà fúnra rẹ̀. Àwọn alágbàtà pọ̀ tí orúkọ ojúlé wọn jọ ti ilé ọnà, owó gọbọi ni wọ́n sì ń fi lé e. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọ̀fẹ́ ni Uffizi àti Accademia, àmọ́ ìlà ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Ní tèmi, màá sanwó.

Nígbà tá a padà lọ sí Accademia, mo ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré kọjá lára àwọn ère tó wà lọ́tùn-ún lósì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ David. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí Michelangelo kò gbẹ́ parí ni wọ́n, ibojì Póòpù Julius Kejì ló fẹ́ fi wọ́n sí. Orí ẹnì kan ṣì wà nínú òkúta, èjìká ẹlòmíì ti fẹ́ yọ, ojú àpá irin iṣẹ́ sì wà lára mábù náà kedere. Ẹni tó bá ti wo ìyẹn ló máa mọ ohun tí David jẹ́. Òkúta tí àwọn agbẹ́kùúta méjì ti fọwọ́ kàn tí wọ́n sì pa tì, tó wà ní àgbàlá kàtídírà fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ni ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbà lọ́dún 1501. Nígbà tó fi di 1504, ó ti sọ ọ́ di ère tó ga ju mítà márùn-ún lọ.

Iwájú nìkan ni àwọn èèyàn máa ń dúró sí. Láti iwájú, ara David balẹ̀. Ẹ rìn yí i ká títí ẹ fi lè wo ojú rẹ̀ tààrà: iwájú orí rẹ̀ ti ká kò, ó ń wo ọ̀tá kan ní ọ̀ọ́kán. Kẹ́ ẹ wá wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, iṣan sì ta sí ẹ̀yìn ọwọ́ náà bíi ti ẹni tó ti ń di nǹkan mú látàárọ̀. Ibẹ̀ ni àbúrò mi dúró sí fún bí ìdajì wákàtí. David tó wà ní gbàgede Piazza della Signoria, ẹ̀dà ni. Láti ọdún 1910 ló ti wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìyẹn náà ti tó.

Duomo ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni wíwọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, kí èjìká àti orúnkún ṣáà ti wà ní bíbò. Gígun òrùlé rìbìtì tí Brunelleschi kọ́ láàárín 1420 sí 1436, owó la fi ń gùn ún, ọjọ́ àti aago la sì gbọ́dọ̀ ti yàn ṣáájú. Àtẹ̀gùn 463 ni, kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè, ọ̀nà rẹ̀ sì há. Ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu tàbí tí ibi há ń dẹ́rù bà kò gbọdọ̀ gùn ún. Àárín ògiri méjì lẹ máa gbà, torí òrùlé méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú èkejì, bí ẹ bá sì ti ń gòkè ni ògiri á máa tẹ̀ bò yín. Ẹ wo bíríkì rẹ̀ níbẹ̀: òmíì dùbúlẹ̀, òmíì dúró, bí egungun ẹja. Ìlò yẹn ló di bíríkì mú kó má baà yọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ láì fi igi gbé e dúró láti ilẹ̀. Ilẹ̀kùn wúrà Ghiberti tí èrò máa ń pé lé lórí níwájú Baptistery, ìyẹn ilé ìrìbọmi, ẹ̀dà ni òun náà. Ojúlówó wà nínú ilé ọnà tó wà lẹ́yìn Duomo, èrò ibẹ̀ kì í sì í pọ̀ tó ti ìta.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kàn. Ilé oúnjẹ tó fi fọ́tò oúnjẹ síta, tí èdè mẹ́fà wà lórí ìwé rẹ̀, tí ẹnì kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pe èrò, ẹ kọjá lára rẹ̀. Ẹni tó mọ adùn ṣàkì nínú ọbẹ̀ ata kò gbọdọ̀ kúrò ní Florence láì jẹ lampredotto. Ikùn kẹrin màlúù ni, tí wọ́n sè pẹ̀lú tòmátì àti àlùbọ́sà títí tó fi rọ̀ múlọ́múlọ́. Ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń tà á. Olóúnjẹ á yọ ọ́ látinú omi gbígbóná, á gé e wẹ́wẹ́ sínú búrẹ́dì, á ti ìdajì búrẹ́dì kejì bọ inú omi ẹran náà kó tó fi dé e. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ «piccante», á fi ata sí i. Tí wọ́n bá gbé búrẹ́dì tí kò níyọ̀ síwájú yín nílé oúnjẹ, ẹ má rò pé alásè ló gbàgbé: bí búrẹ́dì Tuscany, agbègbè tí Florence wà, ṣe ń rí nìyẹn, ọbẹ̀ ló máa ń mú iyọ̀ wá.

Ẹ ṣọ́ra fún bistecca alla fiorentina, ẹran màlúù tí wọ́n ń sun lórí iná. A rí 7 euro lórí ìwé oúnjẹ kan, inú wa sì dùn. Iye owó ọgọ́rùn-ún gíráàmù ni, ohun tí wọ́n ń pè ní «etto». Ẹran tí wọ́n gbé wá wọn 1,200 gíráàmù. Ó di 84 euro. Kí ẹ béèrè ìwọ̀n kí wọ́n tó gbé e lé iná. Inú rẹ̀ á sì pupa, wọn kì í sun ún jinná. Ẹni tí ìyẹn ò bá bá lára mu, kó jẹ peposo, ẹran tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ata dúdú àti wáìnì sè fún wákàtí púpọ̀. Owó kékeré tí wọ́n kọ ní «coperto», owó ìjókòó ni, kì í ṣe rẹ́jẹ.

Ẹ má wa ọkọ̀ wọ àárín ìlú. Kámẹ́rà á ka nọ́ńbà yín, owó ìtanràn á sì bá yín dé ilé lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹ lu òǹtẹ̀ sí tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú irin agbègbè. Báàgì ayédèrú tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ lójú títì, òfin lè mú ẹni tó rà á náà. Ní àyíká ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, ilé ìtajà ìdílé tó pọ̀ máa ń tì, oòrùn sì ń jó èèyàn.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, gbogbo ayé máa ń gòkè lọ sí Piazzale Michelangelo, gbàgede kan lórí òkè, láti wo oòrùn tó ń wọ̀. Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ tún gòkè díẹ̀ dé San Miniato al Monte, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1018, tí iwájú rẹ̀ jẹ́ mábù funfun àti àwọ̀ ewé. Àkàsọ̀ rẹ̀ la jókòó sí ní alẹ́ tó kẹ́yìn. Òrùlé Brunelleschi wà nísàlẹ̀ wa, ó pupa bí epo.