Àpótí Onípákó Tàbí Oníke: Bí A Ṣe Ń Yan Èyí Tí A Ó Kó Máńgòrò Sí

Nígbà tí máńgòrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, iye tí wọ́n ń ta àpótí kan ni àwọn àgbẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Lójú tèmi, ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè ni pé, ta ni yóò dá àpótí náà padà? Bí oníbàárà bá ń gbé èso àti àpótí lọ sí Èkó pọ̀, tí kò sì sí àdéhùn kankan nípa ìdápadà, àpótí oníke tí ẹ fi owó gọbọi rà yóò di àga ìjókòó ọlọ́jà kan tí ẹ kò rí rí. Onípákó ni kí ẹ lò fún irú ọjà bẹ́ẹ̀, nítorí pé káfíńtà àdúgbò lè kàn án, ó sì lè tún un ṣe bí ó bá ya. Ṣùgbọ́n bí àpótí kò bá kọjá láti oko dé ilé ìkẹ́rù yín, tàbí bí ẹni tí ń ra máńgòrò bá gbọ́dọ̀ kó òfìfo wá kí ó tó gbé ẹ̀kún, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe pẹ̀lú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ ra oníke.

Bí ẹ bá yan onípákó, ẹ wá igi tí ó fúyẹ́, bí afárá, tí ó sì ti gbẹ dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi oògùn ikán kùn ún, nítorí pé oògùn náà lè ràn mọ́ èso tí ènìyàn yóò jẹ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra inú àpótí náà láti igun dé igun. Ibi tí ẹ̀ẹ́rún igi bá ti gún yín, tàbí tí orí ìṣó bá ti ha yín, ibẹ̀ gan-an ni èèpo máńgòrò yóò ti bó, ojú egbò kékeré bẹ́ẹ̀ sì ni ìbàjẹ́ ń gbà wọlé.

Àléébù kan tí kò ṣeé tún ṣe lára igi ni pé ó ń mu omi. Oje tí ó kán sí i àti omi èso tí ó rà yóò wọ inú rẹ̀ lọ, ọṣẹ kò sì lè bá wọn débẹ̀. Èyí ni ó fi jẹ́ pé èso tuntun lè tètè jẹrà nínú àpótí tí a rò pé a ti fọ̀.

Oníke ṣeé fọ̀ ní tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì bó ìdọ̀tí kúrò, nítorí pé ìdọ̀tí ń gba agbára lọ́wọ́ bíliìṣì. Bí bíliìṣì yín bá jẹ́ ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ da mìlílítà 60 sínú lítà omi 10, ẹ rì àpótí sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ nínú oòrùn láti ọdún dé ọdún. Oòrùn ni ó ń sọ ike di ohun tí ń fọ́ bí èèpo ẹyin.

Lọ́jà, ẹ kó nǹkan kún ọ̀kan, kí ẹ sì gbé òmíràn lé e. Bí ìdí ti òkè bá kan ohun tí ó wà nínú ti ìsàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín, nítorí pé etí àpótí ni ó yẹ kí ó gbé ẹrù, kì í ṣe èso. Èyí tí ó gba nǹkan bíi kílò 20 sí 25 tó fún ọwọ́ ẹnì kan.

Èyí ó wù kí ẹ yàn, ẹ ká máńgòrò tòun ti igi ọrùn rẹ̀, kí ẹ wá gé igi ọrùn náà, kí ẹ sì dojú èso kọlẹ̀ títí oje yóò fi kán tán, nítorí pé oje náà ń jó èèpo di dúdú.

Ní ti àmì, ọ̀dà tó fún onípákó, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣí kúrò lára ike. Ìṣó tí a mú gbóná nínú iná ni kí ẹ fi kọ orúkọ yín sí etí oníke, kí ó tó jáde nílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.