Jákẹ́ẹ̀tì awọ báísìn tuntun: ohun tó yẹ kí o yẹ̀ wò kí o tó gé táàgì

Jákẹ́ẹ̀tì awọ báísìn, ìyẹn ẹfọ̀n onírun ti Amẹ́ríkà, sábà máa ń wúwo, ó sì lè gan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Àbùkù tí kò ní í lọ mọ́ ni kí o wá, nígbà tí o ṣì lè dá ọjà padà.

Gbé e sójú fèrèsé lọ́sàn-án. Iná yàrá máa ń tanni jẹ. Ojú awọ báísìn máa ń ní kókó wẹ́wẹ́, á sì hunjọ, pàápàá awọ tó ti ọrùn àti èjìká ẹran wá. Kì í dọ́gba. Bí o bá rí ọnà kan náà tó ń tún ara rẹ̀ ṣe káàkiri, ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ sára awọ. Àpá ẹ̀gún tàbí ti wáyà kò burú, orí pápá ni ẹran náà ti jẹ̀; àfi bí àpá bá jìn tí awọ sì fẹ́lẹ́ níbẹ̀, tàbí tó bọ́ sẹ́bàá ojú rírán. Ka lébẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú: “buffalo” lásán lè jẹ́ ẹfọ̀n odò láti Íńdíà tàbí Pakísítánì. Awọ tó dáa ni, ṣùgbọ́n má san owó báísìn lé e lórí.

Áúńsì ni wọ́n fi ń sọ bí awọ ṣe nípọn tó ní Amẹ́ríkà. Áúńsì 1 tó nǹkan bíi mílímítà 0.4, nítorí náà áúńsì 3 jẹ́ nǹkan bíi 1.2. Ibi tí awọ ti ṣùpọ̀, bíi abẹ́ kọ́là àti igun àpò, ni abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti máa ń fo. Fi èékánná tọ òwú ibẹ̀ wò.

Wọ̀ ọ́ lé ẹ̀wù tó nípọn jù tí wàá máa wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ojú rírán èjìká gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìparí egungun èjìká. Èyí ló ṣe pàtàkì jù: ẹ̀yìn àti ìgbúnwọ́ á rọ̀ bó bá yá, èjìká kò ní í sún. Tí télọ̀ bá sì tú u, ihò abẹ́rẹ́ kì í dí lára awọ. Bí ojú rírán èjìká kò bá bọ́ síbi tó yẹ, dá a padà. Ní ti apá ẹ̀wù, jẹ́ kó gùn dé ìdí àtàǹpàkò. Nígbà tí ìgbúnwọ́ bá hunjọ, á fà sókè díẹ̀. Jókòó, pa síìpù dé, wò ó bóyá ó ń gún ọ níkùn.

Má tíì fi òróró pa á. Wọ́n ti fi ọ̀rá sínú awọ náà níbi tí wọ́n ti ṣe é, àpọ̀jù òróró á sọ ọ́ di dúdú. Wíwọ̀ ló ń mú un rọ̀. Hángà onígi tó fẹ̀ léjìká ni kí o fi kọ́ ọ, jìnnà sí híítà. Bó bá jẹ́ Èkó lo ń gbé e lọ, yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà hu. Àpò aṣọ òwú ló tọ́ sí i.